Abẹ́rẹ́ Botox fún ọwọ́ tó ń làágùn, ṣé oògùn ni àbí oge lásán?

Télọ̀Mọ́kọ́lá

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà Àjíǹde, mò ń gbé e kiri mi ò rí ẹni bi, mo wá ní kí n gbé e wá síbí, a ò ní ṣàìrí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀.

Télọ̀ ni mí, Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọmọ ọdún 34 ni mí. Àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì máa ń làágùn. Kìí ṣe bó ṣe ń ṣe gbogbo èèyàn tí oòrùn bá mú o, omi ló ń kán. Tí mo bá ń gé léèsì funfun, àfi kí n tẹ́ áńkáṣíìfù sórí itan kí n máa nu ọwọ́ lẹ́yìn gígé méjì mẹ́ta, tí mo bá gbàgbé pẹ́nrẹ́n, àmì ìka mi á ti hàn lára aṣọ oníbàárà, ṣọ́ọ̀kì tí mo fi fa ilà á ti di ẹrẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi kìí pẹ́ dógùn-ún. Fóònù mi ò mọ ìka mi, lọ́jọ́ tí mo lọ tẹ̀ka ní bánkì, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ nu ẹ̀rọ yẹn títí ó sú u.

Ó ti ń ṣe mí láti ìgbà tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, bébà ìdánwò mi máa ń rin ni. Àbúrò bàbá mi obìnrin náà ní i. Tí mo bá ti sùn ó ń gbẹ ṣá, ọkọ mi ló ṣàkíyèsí ìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí pásítọ̀ bá ti ní ká di ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mú, ṣe ni mo máa ń dìde jáde bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Wọ́n ti gbàdúrà fún mi, wọ́n ti fún mi ní páúdà, wọ́n ní kí n máa fi ọṣẹ dúdú pẹ̀lú álọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́. Kò sí èyí tó dá a dúró.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi tó wà ní Birmingham wá ní kí n lọ gba Botox, pé abíyá tiẹ̀ ni wọ́n gún in sí, ó sì gbẹ. Ẹnu yà mí, torí èyí tí mo mọ̀ sí Botox ni èyí táwọn òṣèré ń gún sójú kí ara wọn má hunjọ. Màmá mi gbọ́, wọ́n fárígá, wọ́n ní májèlé ni, wọn ò ní wà láyé kí n fowó ara mi ra májèlé sára. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ọwọ́? Ṣé kò ní jẹ́ kí ọwọ́ mi rọ? Torí ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun o, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta àti ọmọ méjì nílé.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Àǹtí mi, ẹ kú ìfaradà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì torí ó yé mi dáadáa, ẹ̀ka awọ ara ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba níbí, ọdún keje mi rèé, irú yín ń wá sọ́dọ̀ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ti fi ọwọ́ pa mọ́ sínú àpò fún ogún ọdún kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ní orúkọ. Hyperhidrosis ni wọ́n ń pè é.

Ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, pé ọwọ́ méjèèjì ni, pé láti kékeré ni, pé ẹbí yín kan ní i, pé ó ń gbẹ tẹ́ ẹ bá sùn, gbogbo ẹ̀ ló ń fi hàn pé kò jọ pé àìsàn mìíràn ló fà á, nẹ́ẹ̀fù tó ń pàṣẹ fún òógùn ló ń pàṣẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì lọ ṣe àyẹ̀wò ná o, torí tairọ́ìdì, ẹṣẹ́ inú ọrùn, tó bá ń ṣiṣẹ́ jù, àti àtọ̀gbẹ náà lè mú èèyàn làágùn, àwọn oògùn kan náà ń fà á, ẹni tó bá sì jẹ́ pé òru ni gbogbo ara ẹ̀ ń rin gbindingbindin, tó tún ń rù, kí ìyẹn tètè lọ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò.

Botox kọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tá a kọ́kọ́ ń fún èèyàn ni oògùn tí aluminium chloride wà nínú ẹ̀, èyí tó tó 20 nínú 100, alẹ́ lẹ máa fi sí i tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò láàárọ̀. Tí ìyẹn ò bá tó, iontophoresis ló kàn. Wọ́n á bu omi ẹ̀rọ sínú ike pẹlẹbẹ méjì, ẹ̀rọ kékeré kan á máa rán iná tó fẹ́ẹ́rẹ́ gba inú omi náà kọjá sí ọwọ́, bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára ló máa ń rí, bíi 20 ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tí ọwọ́ bá ti gbẹ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè tó. Aboyún ò gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn ò gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí má lọ so wáyà iná NEPA mọ́ omi nílé o, ẹ̀rọ tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, pípa ni iná yẹn á pa èèyàn.

Ó wá ku Botox. Nẹ́ẹ̀fù ló ń ránṣẹ́ sí iṣan pé kó sún kì, òun náà ló ń ránṣẹ́ sí ibi tí òógùn ti ń jáde pé kó ṣí. Botox á dí ẹnu ọ̀nà tí ìránṣẹ́ yẹn ń gbà jáde. Iṣan ò gbọ́ ìròyìn, kò ní sún kì. Ojú ihò òógùn ò gbọ́ ìròyìn, kò ní ṣí. Kò pa nẹ́ẹ̀fù yẹn o, nẹ́ẹ̀fù á máa tún ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀, tó bá fi máa tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ohun gbogbo á ti padà sí bó ṣe wà, ẹ ó tún lọ gbà á. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kan náà ló ń mú iwájú orí dán, tó ń mú abíyá gbẹ, tó sì ń tú ọwọ́ tó ti dì. Ibi tí wọ́n gún un sí àti iye tí wọ́n gún ló yàtọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn níbẹ̀, fọwọ́ sí i fún abíyá ní 2004, 50 yúníìtì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka oògùn yìí) sí abíyá kọ̀ọ̀kan. Àtẹ́lẹwọ́ ò sí nínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n àwọn dókítà awọ ara ń lò ó bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì sọ fún yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ wá bèèrè gan-an, pé ṣé ọwọ́ ò ní rọ: ó lè rọ. Mi ò ní fi bò yín. Ìṣàlẹ̀ awọ àtẹ́lẹwọ́ ni àwọn iṣan kéékèèké wà, tí oògùn bá ti jin díẹ̀, agbára tẹ́ ẹ fi ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún nǹkan pọ̀ á dín kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Akọ̀wé lè má kà á sí. Télọ̀ tó ń fa abẹ́rẹ́, tó ń fún àlùmọ́gàjí, á mọ̀ ọ́n lára. Ó sì máa ń dunni, abẹ́rẹ́ tíntìntín ni àmọ́ ó pọ̀, wọ́n lè gún àtẹ́lẹwọ́ kan níbi 20 tàbí 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a máa ń fi yìnyín tàbí oògùn tó ń pa nẹ́ẹ̀fù ọwọ́ kú fún ìgbà díẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ àbúrò mi ni yín, ohun tí mo máa sọ ni pé tẹ́ ẹ bá dé orí Botox, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọwọ́ tí ẹ ò fi di àlùmọ́gàjí mú, ẹ wo bó ṣe máa ṣe yín fún oṣù kan. Kó má sì jẹ́ ìgbà tí aṣọ ẹbí pọ̀ nílẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dá sí ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé ṣé oge lásán ni.

Rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá mi ní 2021. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀, ẹnu padà, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún wọn dì. Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́jọ, ìkúùkù ni ọwọ́ yẹn dì sí tọ̀sán-tòru, apá ká mọ́ àyà, èékánná wọn wọnú àtẹ́lẹwọ́ débi tó fi dá egbò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń tọ́jú wọn l'Abẹ́òkúta. Ó máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òwú gún inú ìkúùkù yẹn láti fọ̀ ọ́, bàbá á máa ké, èmi á máa gbọ́ ọ lórí fóònù láti Houston níbí, mi ò lè ṣe nǹkan kan. Òórùn ibẹ̀ ò ṣeé sọ. Bàbá tó jẹ́ pé gbajúmọ̀ ni wọ́n, tí bùbá wọn kìí hunjọ, wọ́n wá di ẹni tí wọ́n ń gé ọwọ́ aṣọ fún kí apá tó lè wọlé.

Dókítà tó ń tọ́jú nẹ́ẹ̀fù ló ní ká gba Botox sí àwọn iṣan apá àti iwájú ọwọ́ wọn. Èmi náà bèèrè ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bèèrè yìí, mo ní ẹ̀yin dókítà, ṣé kìí ṣe ti àwọn obìnrin olówó nìyẹn? Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé láti 2010 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i l'Amẹ́ríkà fún apá tó bá dì lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. A gbà á. Ọjọ́ kẹsàn-án, màmá mi jókòó tì wọ́n, wọ́n ń fi jẹ́lẹ́ńkẹ́ ṣí ìka yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka àárín ló kẹ́yìn, ó ṣí. Wọ́n rí àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi. Màmá mi sunkún.

Mi ò ní parọ́, kò dá ọwọ́ yẹn padà. Bàbá ò lè fi kọ̀wé, wọn ò lè fi bu oúnjẹ. Ṣùgbọ́n egbò jinná, ọwọ́ ń wọ aṣọ, wọ́n ń sùn. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń na ọwọ́ yẹn fún wọn lójoojúmọ́, ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ tí kò ṣe fisiọ́ kàn fi owó ṣòfò ni. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ń gbà á, owó ẹ̀ ń ni wá lára. Àwa ọmọ la ń dá a.

Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kójú tì yín, àǹtí télọ̀.

ÌyáÌbejì_Peckham

Èmi náà ń gbà á, orí ni mo ń gbà á fún. Ẹ̀fọ́rí túúlu tó ń mú ẹ̀gbẹ́ kan, tí iná kò gbọ́dọ̀ tàn, tí ariwo àwọn ọmọ á máa dún lórí èèyàn bí agogo. Kí ìjọba tó lè fún mi níbí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ̀fọ́rí ń ṣe mí ó kéré tán ọjọ́ 15 lóṣù, kí 8 nínú ẹ̀ jẹ́ túúlu gan-an, kí n sì ti lo oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó gbà mí gbọ́.

Ojú ibi 31 ni wọ́n ń gún, mo máa ń kà á lọ́kàn: iwájú orí, ẹ̀bátí, ẹ̀yìn orí, ọrùn, èjìká. Gbogbo ẹ̀ kìí ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ọ̀sẹ̀ méjìlá méjìlá. Kò tán pátá o, ṣùgbọ́n ọjọ́ 20 ti di ọjọ́ 6 tàbí 7, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó máa ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé iwájú orí mi tó ti ní ilà ti wá jọ̀lọ̀, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n wá sọ ọṣẹ tí mò ń lò fún àwọn. Mi ò wá a, orí mi ni mo wá wò.

BàbáOníwàásù

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Èmi ò ta ko kéèyàn wo àìsàn o, bàbá ọmọ Ẹ̀gbá yẹn, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn ọmọge wa ti ń gún ojú tí Ọlọ́run dá, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n wà wọ́n ní àwọn ti ń darúgbó. Ara tó ń hunjọ, àmì pé èèyàn pẹ́ láyé ni. Ohun tó bá sì jẹ́ májèlé, kí ló dé tá a fi ní ká máa fi ṣeré?

Àdùkẹ́_Èkó

Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí èmi tó ṣe é fún oge sọ tèmi, torí tí gbogbo wa bá sọ pé àìsàn la fi gbà á, a ò ní gbọ́ òótọ́ ibẹ̀.

Ọmọ ọdún 46 ni mí, iwájú kọ́sítọ́mà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilà méjì ló wà láàárín ojú mi méjèèjì, lókè imú, ó jìn, bí mo bá tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn á ní mo fajú ro. Ọ̀gá mi ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé kọ́sítọ́mà ní mò ń kanra. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, obìnrin ni, ó jókòó bi mí ní ìbéèrè fún bí ìdajì wákàtí, ó gún mi níbi márùn-ún, 20 yúníìtì, ó ní kí n má fọwọ́ pa á, kí n má dùbúlẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ilà yẹn ti rọ̀. Ìdùnnú tó bá mi nígbà tí mo wo dígí, mi ò ní fi tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbà kejì ni mo ṣìṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan pè wá sílé ẹ̀, pé obìnrin kan ń bọ̀ wá gún wa lápapọ̀, owó ẹ̀ ò tó ìdajì. Èèyàn mẹ́jọ la jókòó sí pálọ̀, súyà ń lọ, wáìnì ń lọ. Inú báàgì ọwọ́ ló ti mú ìgò yẹn jáde, kò sí yìnyín, bébà ara ẹ̀ ti bó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ní kí n gbójú sókè. Ọjọ́ kẹrin, ìpéǹpéjú òsì mi wálẹ̀. Ó bo ẹyinjú mi tó ìdajì, mo ní láti gbé orí sẹ́yìn kí n tó ríran, mi ò lè wakọ̀, ọmọ mi kékeré bi mí pé mọ́mì ṣé rọpárọsẹ̀ ni. Mo pe obìnrin yẹn títí, kò gbé e mọ́. Dókítà mi àkọ́kọ́ ni mo sá padà lọ bá, ó ní kò sí oògùn tó lè tú u kíá, ó fún mi ní oògùn ojú tó ń gbé ìpéǹpéjú sókè díẹ̀, ó ní kí n ní sùúrù. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni.

Bàbá, oge yẹn kọ́ ló dùn mí. Pé mo fi ojú mi sílẹ̀ fún ẹni tí mi ò mọ orúkọ bàbá ẹ̀ ló dùn mí.

Apoògùn_Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n fèsì sí ọ̀rọ̀ májèlé yìí, torí màmá àǹtí télọ̀ ò parọ́. Májèlé ni. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum ló ń pèsè ẹ̀, ó sì wà lára májèlé tó le jù tí èèyàn mọ̀. Dókítà Jámánì kan, Justinus Kerner, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa láàárín 1817 sí 1822, àwọn èèyàn ń jẹ sọ́séèjì tí kò dáa, iṣan wọn ń rọ títí èémí fi ń dúró. Òun fúnra ẹ̀ sọ nígbà yẹn pé bóyá lọ́jọ́ kan wọ́n á fi díẹ̀ nínú ẹ̀ ṣe oògùn. Ní 1895, ní abúlé Ellezelles ní Bẹ́ljíọ̀m, àwọn afunfèrè tó wá síbi ìsìnkú jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́, 3 nínú wọn kú, ara ẹran yẹn ni Émile van Ermengem, onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn, ti rí kòkòrò náà.

Ẹni tó sọ ọ́ di oògùn kì í ṣe alóge rárá. Dókítà ojú ni, Alan Scott ní San Francisco, ó ń wá bó ṣe máa tún ojú àwọn tí ẹyinjú wọn ń wo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe láìfi ọ̀bẹ kàn án. Ìgbà tí FDA máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní 1989, irú ojú bẹ́ẹ̀ àti ìpéǹpéjú tó ń dì pa fúnra ẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Ó wá jẹ́ pé ní Vancouver ní Kánádà, ní 1987, obìnrin kan tí dókítà ojú kan, Jean Carruthers, ń gún fún irú ìpéǹpéjú bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú pé kò gún òun níwájú orí lọ́jọ́ yẹn, pé tó bá gún ibẹ̀, ojú òun máa ń rí bíi ti ẹni tí kò ní ìdààmú. Ọkọ Jean, Alastair, dókítà awọ ara ni. Obìnrin tó ń gba àwọn aláìsàn lálejò lọ́fíìsì wọn ni wọ́n kọ́kọ́ gún un fún nítorí ilà ojú. Wọ́n tẹ èsì wọn jáde ní 1992, ní 2002 ni FDA tó fọwọ́ sí i fún ilà ojú. Oògùn ni fún ọdún 13 kó tó di oge níwájú òfin, bàbá.

Iye tó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn kéré débi pé ojú ò lè rí i, omi iyọ̀ ni wọ́n ń fi pò ó. Ẹ rántí pé oògùn ibà náà, tọ́mọdé bá gbé gbogbo ẹ̀ mì, ọ̀rọ̀ á di ìgbé-sáré-lọ. Ohun tí ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí ni èyí tí Àdùkẹ́ sọ. Ìgò tí wọn ò tíì pò gbọ́dọ̀ wà nínú fìríìjì, láàárín 2 sí 8 digírì, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Ẹ ní kí wọ́n fi ìgò hàn yín kí wọ́n tó fà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ayédèrú wà níta, ní 2024 CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn l'Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa ẹ̀ torí ó gbé àwọn èèyàn dé ọsibítù. Kí wọ́n sì dárúkọ oògùn fún yín, torí yúníìtì Dysport, oògùn mìíràn tó jọ Botox, kì í ṣe yúníìtì Botox, ẹni tó bá ń gbé iye ọ̀kan lo fún èkejì, ẹ dìde níwájú ẹ̀.

Aboyún àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ sinmi ná. Ẹni tó ní myasthenia gravis, àìsàn tó ń mú iṣan rọ, kó sọ fún dókítà kó tó jókòó. Abẹ́rẹ́ gentamicin tí wọ́n ń gún káàkiri ṣọ́ọ̀bù oògùn ládùúgbò náà máa ń fi kún agbára Botox, nítorí náà ẹ má gba méjèèjì pọ̀. Tí èèyàn bá gbà á tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ lẹ́nu ẹ̀, tàbí itọ́ ò ṣeé gbé mì, tàbí èémí ń ṣòro, kó má dúró dọ̀la, ọsibítù lòru yẹn.

BàbáOníwàásù

Ó yé mi, apoògùn. Mi ò mọ̀ pé ojú ni wọ́n kọ́kọ́ fi wò. Àdùkẹ́, ojú rẹ á máa ríre.

Télọ̀Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ará ilé, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún màmá mi lálẹ́ àná, ibi tí ọmọ Ẹ̀gbá ti sọ pé wọ́n rí àtẹ́lẹwọ́ bàbá, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọn ò tíì fọwọ́ sí i pé kí n gbà á, àmọ́ wọn ò pè é ní májèlé mọ́.

Mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò, tairọ́ìdì mi dáa, kò sí àtọ̀gbẹ. Dókítà tó rí mi ọmọdé ni, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó di ọwọ́ mi mú ó wò ó, ó fi ìka fà á, omi kán sórí tábìlì ẹ̀, ó ní àǹtí ẹ̀yin ti jìyà. Ọdún mélòó rèé tí ẹnìkan di ọwọ́ mi mú bẹ́ẹ̀ tí kò yára nu tiẹ̀. Ó kọ aluminium chloride yẹn fún mi, ó tún ní òun máa bá mi wádìí ní ẹ̀ka fisiọ́ bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ olómi yẹn. Mo ti pinnu pé méjèèjì yìí ni mo máa kọ́kọ́ lò títí ọdún Kérésì á fi kọjá. Tí kò bá ṣiṣẹ́, January ni mo máa gba Botox sí ọwọ́ òsì, ọ̀tún á dúró wò ó.

Nọ́ọ̀sì mi, ìbéèrè kan ló kù. Mo ti fi oògùn yẹn sí i fún alẹ́ mẹ́rin, ó ń yún mi, ó ń ta mí bí ata, ọwọ́ sì ń làágùn síbẹ̀. Ṣé kí n dáwọ́ dúró ni?

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Báwo lẹ ṣe ń fi sí i? Ṣé ẹ máa ń fọwọ́ kẹ́ ẹ tó fi sí i?

Télọ̀Mọ́kọ́lá

Bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, màá wá fi sí i kíá kí òógùn tó tún dé.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Ibẹ̀ ló wà. Tó bá bá omi lára ọwọ́, áàsìdì ló ń dà, òun ló ń ta yín yẹn. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá. Ẹ má fọ̀ ọ́ ní kété tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ jókòó síwájú fáànù, tàbí kẹ́ ẹ lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, èyí tó tutù o, kò gbọdọ̀ gbóná. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti dùbúlẹ̀ tí oorun ń gbé yín lọ, tí ọwọ́ ti ń gbẹ fúnra ẹ̀, ìgbà yẹn ló dáa jù. Ẹ sinmi alẹ́ méjì ná kí yíyún yẹn lọ, kẹ́ ẹ wá máa lò ó lálẹ́ kan kẹ́ ẹ fo ọ̀kan. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Télọ̀Mọ́kọ́lá

Háà, ọwọ́ tútù ni mo ti ń fi í sí láti ọjọ́ yìí! Ọmọ iṣẹ́ mi kan ń kọ́ irun ṣíṣe pọ̀ mọ́ aránṣọ, ó ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun yẹn nílé, màá ní kó mú un wá lọ́la. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo máa tún un bẹ̀rẹ̀.